Táyà àti oòrùn Abẹ́òkúta: ṣé kí a dín afẹ́fẹ́ kù ká tó bọ́ sí ọ̀nà Ṣàgámù?

Ọmọ_Ìtòkú:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa mọ́tò. Corolla 2006 ni, táyà 195/65R15. Ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà sọ pé 30 psi (ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó), iwájú àti ẹ̀yìn. Fọkanáísà kan ní Lafenwa ní kí n má ka ìwé yẹn sí, pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ oòrùn wa. Ó ní 25 ló yẹ ẹni tó ń lọ sí Èkó lọ́sàn-án gangan, torí afẹ́fẹ́ á wú, táyà á sì bẹ́. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Awakọ̀Kútọ̀:
Fọkanáísà yẹn kò purọ́. Ohun tó bá gbóná á wú, ọmọdé pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún táyà ní 30 ní Kútọ̀ láàárọ̀, kí o wọ̀n ọ́n ní Siun, wàá bá 34, 35 níbẹ̀. Dín in kù, àbúrò, kí ọkàn rẹ balẹ̀.

MẹkáníìkìÀdìgbẹ́:
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, ẹ má bínú. Ìdajì òótọ́ lẹ sọ, ìdajì tó kù ló léwu.

Pé afẹ́fẹ́ ń wú, a ò jiyàn. Bí ooru bá fi 10°C gòkè, táyà mọ́tò kékeré á fi nǹkan bíi psi kan ààbọ̀ sí méjì lé. Èyí tó ti sáré fún wákàtí kan lè fi 4 sí 6 ju ti àárọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ 30 sí ẹnu ilẹ̀kùn ti ro èyí mọ́ ọn: 30 táyà tútù ló kọ, ó mọ̀ pé yóò di 35 lójú ọ̀nà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ ó rí "MAX PRESS" àti 44 psi tàbí 51. Níbo ni 35 ti fẹ́ bá 44 pàdé?

Ooru tó ń ba táyà jẹ́, táyà fúnra rẹ̀ ló ń dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa wó, á máa dìde, ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Táyà 195/65R15 ń yí tó ìgbà 500 kó tó rin kìlómítà kan. Bí mọ́tò bá wà lórí 100, ìyẹn ju ìgbà 13 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mú wáyà tín-ínrín kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ogún ìgbà kíákíá, kí ẹ fi ìka kan ibi tó ń tẹ̀: ó ti gbóná. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà tó ní 25 nìyẹn, láti Kútọ̀ títí dé Bẹ́gà. Wáyà irin àti òwú ló wà nínú táyà lábẹ́ rọ́bà. Bí ó bá gbóná kọjá àlà, rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára wáyà, ẹ ò sì ní rí i láti ìta. Oòrùn àti ọ̀dà gbígbóná kàn ń bu epo sí iná tó ti ń jó ni.

Nítorí náà: 30, nígbà tí táyà tutù. Kò sí 25 níbẹ̀.

Awakọ̀Kútọ̀:
Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé gbogbo àwókù táyà tó wà létí ọ̀nà Ṣàgámù, afẹ́fẹ́ kékeré ló fà á?

MẹkáníìkìÀdìgbẹ́:
Rárá o. Àpọ̀jù ẹrù wà níbẹ̀, ogbó wà níbẹ̀, eré àsápajúdé wà níbẹ̀, kòtò tó ti já okùn inú táyà láti oṣù tó kọjá náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwókù yẹn ni ó sì jẹ́ ti tírélà. Ṣùgbọ́n ẹ lè bi táyà léèrè. Bí ẹ bá yọ táyà kúrò lára ríìmù, tí ẹ rí rọ́bà dúdú lúbúlúbú nínú rẹ̀ bí eérú iná, tàbí tí ẹ rí ìlà tó hunjọ yípo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú, ó ti sáré láìní afẹ́fẹ́ tó. Kódà bí kò bá lu, ẹ má fẹ́ ẹ padà. Irú táyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ tó ń bẹ́ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n á ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Fọkanáísà_ÌtaÒṣìn:
Ẹ jẹ́ kí èmi tó ń fẹ́ ẹ dá sí i. Àwa fọkanáísà náà lẹ́bi, ṣùgbọ́n gééjì wa lẹ́bi jù wá lọ. Gééjì ẹnu ẹ̀rọ tó ti já bọ́ sílẹ̀ nígbà mélòó kan lè fi 3 sí 5 parọ́, lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ ra tiyín, kó wà nínú mọ́tò, òun ni kí ẹ máa gbàgbọ́. Ẹ kíyè sí ojú rẹ̀ o: ẹlòmíràn ní psi, bar àti kPa lẹ́ẹ̀kan náà. 30 psi jẹ́ nǹkan bí 2.1 bar, tàbí 207 kPa. Ẹni tó bá ka ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀ á gbé wàhálà sílé.

Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó kúrò nílé, tàbí kó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta. Bí ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà bá jìnnà ju kìlómítà méjì mẹ́ta lọ, ẹ wọ̀n ọ́n nílé kí ẹ tó jáde, kí ẹ kọ iye tó ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ká ní 26 ni, ó ku 4. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, tí gééjì sọ 28 torí pé táyà ti gbóná díẹ̀, ẹ ní ká fi 4 kún 28. Ẹ má ní ká dé 30.

Táyà tó gbóná, ẹ má jò ó láéláé. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù: ó kà 35 ní Ṣàgámù, ẹ jò ó di 30, bí ilẹ̀ bá mọ́, táyà tutù, ó di 25 tàbí 26. Ẹ tún gbéra padà sí Abẹ́òkúta lórí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó, àti àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Bí táyà kan bá ń fi 3 dín ju àwọn yòókù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó ń jò. Ẹ fi omi ọṣẹ sí ẹnu fáàfù, sí etí ríìmù yíká, àti sí ojú táyà. Fáàfù ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe ìṣó. Píìnì inú rẹ̀ lè ti dọ̀tí, ẹ lè pààrọ̀ òun nìkan. Bí rọ́bà fáàfù fúnra rẹ̀ bá ti sán ní ìdí, ẹ pààrọ̀ odindi rẹ̀. Táyà tuntun, fáàfù tuntun. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdérí fáàfù kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, òun ló ń dènà erùpẹ̀ pupa Ọ̀bàntókò.

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Bí èèyàn márùn-ún bá wà nínú mọ́tò, tí gààrí àti àpò ìrẹsì kún búùtù ńkọ́? Kí a fi afẹ́fẹ́ kún un? Àti pé mọ́tò kejì máa ń tan iná ofeefee kan tó dà bí ìkòkò tó ní àmì ìyanu nínú, ó máa ń ṣẹ́jú kó tó dúró.

MẹkáníìkìÀdìgbẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ wo ìwé ilẹ̀kùn náà. Àwọn mọ́tò kan kọ iye méjì síbẹ̀, ọ̀kan fún ẹrù díẹ̀, ìkejì fún ẹrù kíkún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lo ìkejì. Bí iye kan ṣoṣo bá ni, òun náà ni, kódà bí mọ́tò bá kún, níwọ̀n ìgbà tí ẹrù kò bá ti ju tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n èèyàn pẹ̀lú ẹrù tí mọ́tò kékeré lè gbà kì í sábà ju 400 kg lọ. Àgbàlagbà márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 kg ti kó 350. Àpò ìrẹsì 50 kg kan ṣoṣo ti dé e lórí. Gààrí yẹn kò ní àyè mọ́, ẹ jẹ́ kó bá bọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ̀gbẹ́ táyà náà ń sọ iye tó lè gbé. Bí ẹ bá rí 91H lẹ́yìn 195/65R15, 91 túmọ̀ sí 615 kg fún táyà kan, H túmọ̀ sí 210 km/h. Ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní èyí tó jẹ́ 88 nítorí pé ó dín ní owó, 560 kg péré ló tà fún yín.

Ní ti iná: bí ó bá tàn tó sì dúró, táyà kan ó kéré tán ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú iye rẹ̀ dín kù. Ìyẹn ni pé 30 ti di 22 tàbí 23, ó ti pẹ́ kó tó pariwo. Bí ó bá ń ṣẹ́jú fún ìṣẹ́jú kan ṣáájú kó tó dúró, ẹ̀rọ tó ń ka afẹ́fẹ́ ló bàjẹ́, kò ka nǹkan kan mọ́. Bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló sábà máa ń kú.

Àláímẹ̀ntì_Aṣérò:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bí táyà ṣe ń họ, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ ohun tí mọ́tò ń ṣe láì tíì gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Àárín nìkan ń pá: afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Èjìká méjèèjì ń pá, àárín ṣì dáa: afẹ́fẹ́ ti kéré fún ìgbà pípẹ́. Èjìká inú nìkan: àláímẹ̀ntì (bí táyà ṣe kọjú sí ọ̀nà), tàbí búùṣì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó ti gbó. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti ìta wá sínú, kí ẹ tún rà á láti inú lọ sí ìta: bí ó bá ń dán lápá kan, tó sì ń gún ọwọ́ lápá kejì bí eyín ayùn, táyà iwájú kò kọjú síbì kan náà. Bí ó bá ní ibi jíjin-jíjin káàkiri bí ojú ayò, ṣọ́ọ̀kù ti kú, táyà ń fò lójú ọ̀dà.

Ẹ má ṣe àláímẹ̀ntì lórí táì rọ́ọ̀dù (irin tó so sítíárì mọ́ táyà) tó ń mì o. Owó yín ló máa ṣòfò. Kí wọ́n gbé iwájú mọ́tò sókè, kí wọ́n di táyà mú lápá òsì àti ọ̀tún, kí wọ́n mì ín: bí ó bá ń dún kó-kó, táì rọ́ọ̀dù ni ká kọ́kọ́ wò. Kí wọ́n di òkè àti ìsàlẹ̀ mú: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí bẹ́árìn. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó wá.

Àláímẹ̀ntì yàtọ̀ sí báláǹsì, ìyẹn kí ìwọ̀n táyà dọ́gba yípo. Mọ́tò tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, àláímẹ̀ntì (ẹ wọn afẹ́fẹ́ ná, táyà tó jò díẹ̀ náà ń fa mọ́tò). Sítíárì tó ń gbọ̀n bí ẹ bá dé 80 sí 100, tó sì rọlẹ̀ bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, báláǹsì. Òjé kékeré tí wọ́n kàn mọ́ etí ríìmù lè ti bọ́ nínú kòtò.

Ọmọ_Ìtòkú:
Ẹ̀gbọ́n, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé eyín táyà ti tán? Ẹlòmíràn á ní ó ṣì dáa títí wáyà á fi yọ.

Àláímẹ̀ntì_Aṣérò:
Táyà tuntun ń ní eyín tó jìn tó nǹkan bí 8 mm. 1.6 mm ni òpin. Ẹ wá "TWI" tàbí àmì onígun mẹ́ta kékeré ní etí èjìká táyà, kí ẹ tẹ̀ lé e wọ àárín eyín: ẹ ó rí òkè kékeré kan nínú kòtò eyín náà. Bí eyín àti òkè yẹn bá ti dọ́gba, ó ti parí. Kò sí gééjì? Ẹ fi igi ìṣáná kan ti inú eyín, ẹ fi èékánná sàmì sí i, ẹ gbé e sórí rúlà ọmọ iléèwé.

Tèmi ni pé ẹ má dúró de 1.6 lásìkò òjò. Bí ó bá ti di 3 mm ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó. Eyín ló ń gba omi kọjá. Bí kò bá jìn, omi á gbé táyà sókè, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni di nǹkan kan mú tí kì í ṣe nǹkan kan. Ibi tí omi ń dúró sí lójú ọ̀nà Ìfọ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ ọ́n.

Awakọ̀Kútọ̀:
Èyí ye mi. Táyà méjì lèmi sì máa ń gbà wọ́n níyànjú láti rà bí owó kò bá tó mẹ́rin, kí wọ́n fi tuntun sí iwájú, torí iwájú ni ẹ́ńjìnì àti sítíárì wà.

MẹkáníìkìÀdìgbẹ́:
Ẹ̀yìn ni, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu létí. Bí iwájú bá yọ̀ lórí omi, mọ́tò á máa lọ gbọọrọ. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná (ohun tí ẹ ń tẹ̀ kí mọ́tò lè sáré), ó ń padà bọ̀ sípò. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, mọ́tò á yí, ìdí rẹ̀ á di iwájú, awakọ̀ tó lè gbà á padà kò wọ́pọ̀. Èyí tó ní eyín jù, ẹ̀yìn ni ibùgbé rẹ̀.

Kí wọ́n sì máa họ dọ́gba, ẹ máa pààrọ̀ ipò wọn ní 8,000 sí 10,000 km. Fún mọ́tò tí iwájú ń fà bíi Corolla: ti iwájú lọ tààrà sí ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn kọjá lágbèékọ́ sí iwájú, òsì di ọ̀tún. Táyà tó ní ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, àfi síwájú sẹ́yìn.

Ìyá_Ìbejì:
Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń tà á ní ó lágbára ju tuntun lọ.

Fọkanáísà_ÌtaÒṣìn:
Ẹ wá "DOT" lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìbí: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà yẹn, ẹ yí táyà padà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí ní kíkún, ó sì lè jẹ́ pé inú ló kọjú sí. Nọ́ńbà mẹ́ta péré? Ó ti wà kí 2000 tó dé. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 4 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà, fi lélẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Rọ́bà ń gbó kódà bí kò rìn, oòrùn sì ń mú un yára.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra tòkunbọ̀: ẹ ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ tú eyín rẹ̀ ká, kí ẹ wo ìdí kòtò eyín bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Èyí tó ń dán bíi bàtà Sọ́ńdè, ẹ fi aṣọ nù ún kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ wo inú rẹ̀ fún ibi tí wọ́n ti lẹ̀, àti ètè tó ń di ríìmù mú, bóyá irin ti fà á ya. Èyí tó bá yọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbáà kéré bí ẹ̀pà, okùn inú ti já, kò sí àtúnṣe fún un.

Lórí lílẹ̀: ojú tó ń tẹlẹ̀ nìkan ni a lè lẹ̀, ihò náà kò sì gbọdọ̀ ju 6 mm lọ. Èjìká àti ẹ̀gbẹ́, rárá. Okùn rọ́bà tí a ń fi irin tì wọlé láti ìta, kó gbé yín délé ni. Èyí tó pé ni kí a yọ táyà, kí a ha inú rẹ̀, kí a dí ihò náà, kí a sì lẹ rọ́bà mọ́ ọn láti inú. Àwọn tó ń ki túùbù sínú táyà aláìní-túùbù tó ti bàjẹ́ ń fi àìsàn pamọ́ ni. Méjèèjì á máa fi ara ha ara wọn, á gbóná. Táyà aláìní-túùbù ń jò díẹ̀díẹ̀, túùbù ń tú lójijì.

Àláímẹ̀ntì_Aṣérò:
Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ látara típà ní ọ̀nà Ọdẹ́dá náà, ẹ máa fi ìsúkùrù yọ ọ́ kúrò láàárín eyín lóṣooṣù. Bí ẹ bá rí ìṣó, ẹ má fà á yọ o! Ẹ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà ná.

Ọmọ_Ìtòkú:
Nọ́ọ̀tì táyà ńkọ́? Wọ́n máa ń fò sórí spana.

MẹkáníìkìÀdìgbẹ́:
Kí wọ́n má fò. Ti Corolla jẹ́ 103 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de nọ́ọ̀tì). Lórí spana tí apá rẹ̀ gùn tó 30 cm, ìyẹn tó kí èèyàn fi ìwọ̀n 35 kg tẹ̀ ẹ́. Àgbàlagbà tó fò lé e ń na okùn bóòtì, ó sì ń tẹ ojú dísìkì bíréèkì wọ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lo jáàkì. Tí ẹ bá ń dè é, ẹ fo ọ̀kan, ẹ de ọ̀kan, bí ẹni ya ìràwọ̀, kí ríìmù lè jókòó dọ́gba. Ẹ tún un dè lẹ́yìn 50 sí 80 km.

Bí táyà bá bẹ́ lórí eré, kò sí bíréèkì. Ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó rọra ya sí etí.

Awakọ̀Kútọ̀:
Ó dáa. Mo ti gbà lórí 30. Ti tuntun sí ẹ̀yìn yẹn ni mo ṣì ń rò.

Ọmọ_Ìtòkú:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti jáde lọ ka nọ́ńbà wọn. Ti iwájú méjèèjì 1423. Ti ẹ̀yìn méjèèjì 0621. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ inú búùtù, 3105, ó sì kà 12 psi.

Fọkanáísà_ÌtaÒṣìn:
Ti iwájú dára, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀. 0621 pé ọdún mẹ́rin ní Fẹ́búárì 2025, ẹ ra méjì tuntun, kí ẹ fi wọ́n sí ẹ̀yìn. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́, 60 psi ló ń jẹ, kò sì gbọdọ̀ kọjá 80 km/h nígbà tó ṣì lẹ́mìí. Ṣùgbọ́n 3105? Ọ̀sẹ̀ 31, ọdún 2005: ó bá mọ́tò yín dé láti ilé iṣẹ́ ni. Ẹ má gbé e kọjá Pánṣẹ́kẹ́.